Tolú Ń Pe Àbúrò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Keje, 2022

Iléyá lónìí. Gbogbo àdúgbò wa, Hayin Banki, ń ta sánsán ẹran sísun, èmi sì wà lórí ibùsùn bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Dókítà sọ ọ́ lánàá láìwo ojú mi. Ó ní ibi ọmọ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó dí ẹnu ọ̀nà, ó sì jọ pé ó ti lẹ̀ mọ́ ojú àpá ibi tí wọ́n ti gbé Tolú jáde. Ó ní kí n sùn. Kí n má bẹ̀rẹ̀, kí n má lóṣòó, kí n má gbé ohunkóhun tó ju ife omi lọ. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní, "Bí ẹ bá lè gbé e dé oṣù kẹsàn-án, Madam, gbogbo wa á dúpẹ́." Oyún oṣù mẹ́fà ni mo gbé wá síwájú rẹ̀. Èyí tó lọ ní 2019, ó wọ oṣù keje kó tó lọ. Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Zuwera, aládùúgbò wa tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà, gbé àwo ẹran wá. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti gbé Tolú lọ. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n ti lé làálì fún un lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, pupa yòò. Ọmọ mi ọkùnrin, tí kò tíì pé ọdún méjì, ti di ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n wò ó, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án kó má baà parẹ́. Ernest, ọkọ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ẹ̀rín máa ń mi ikùn, mo bá dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Keje

Ernest ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá. Láti oṣù Kẹta tí àwọn ajínigbé ti dá ọkọ̀ ojú irin dúró, ojú títì nìkan ló kù, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lójú títì yẹn. Mo gbé fóònù lé àyà títí ó fi pè pé òun ti dé. Mo ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, Dádì Moyin," bí ẹni tí kò sunkún rí.

Màmá, ìyá rẹ̀, dé láti Kàbà lọ́sàn-án pẹ̀lú iṣu, epo àti adìyẹ méjì tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú okùn. Tolú sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sannu." Màmá ní, "Ọ̀kún o, ọkọ mi." Ọmọ kò dá a lóhùn. Ó ti rí àwọn adìyẹ, ó ń pariwo "Kaza! Kaza!", ó ń fa ìrù ọ̀kan nínú wọn. Màmá yíjú sí mi, ó ní, "Èmi tí mo bí bàbá rẹ̀ ni mo máa wá ògbufọ̀ kí n tó lè bá a sọ̀rọ̀?" Mo ní ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹnu rẹ̀ ni kì í fẹ́ sọ ọ́. Màmá ní ó dáa, àwọn méjèèjì á jọ kọ́ ara wọn.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Keje

Òjò láti àná. Moyin, ẹ̀gbọ́n Tolú, ọmọ ọdún márùn-ún, ti dá ilé ìwé sílẹ̀ nínú yàrá mi. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí pé èmi nìkan ni kò lè sá. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì, mi ò mọ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ àfi ìgbà tí ọmọ yìí gun àpótí tòun ti ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan, tó ní, "Morọ́láyọ̀, ṣé orí ibùsùn ni wọ́n ti ń kàwé nílé yín?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí."

Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè. Mo ní dókítà kò gbà. Ó ronú sí i, ó fi ìgbálẹ̀ họ orí, ó ní kí n kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti wà láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Keje

Àwọn ìyá ìjọ dé lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kún yàrá. Wọ́n gbàdúrà títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná. Ìyá Rose, olórí wọn, ní kí Moyin fi àdúrà parí rẹ̀, nítorí pé àdúrà ọmọdé kì í pẹ́ dé òkè. Moyin di ojú pinpin. Ó ní, "Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mọ́mì mi dá sí i. Kí ọmọ inú yìí má jẹ́ ọkùnrin, nítorí Tolú ti tó. Kí àwọn màmá yìí sì tètè máa lọ, nítorí mọ́mì ní wọ́n máa ń pẹ́ jù." Kò sẹ́ni tó ṣe àmín àfi Màmá, tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Tirẹ̀ ròkè lálá.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló kù sí mi lọ́kàn báyìí tí wọ́n ti lọ. Nínú àdúrà Ìyá Rose, ó sọ pé, "Ti ìjọ́sí kò ní tún ṣẹlẹ̀." Ọkàn rere ló fi sọ ọ́. Síbẹ̀, ó ti gbé ti ìjọ́sí wọ inú yàrá mi, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Keje

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Kò tó ojú ìka. Mo pe dókítà, ó ní bó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí n máa bọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ "jù bẹ́ẹ̀"? Mi ò gbé ojú kúrò lára aṣọ ibùsùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Keje

Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bó ẹ̀gúsí. Tolú wà nílẹ̀, ó ń kó èèpo rẹ̀ sínú bàtà mi.

Màmá ní, "Ìyàwó mi, ohun kan wà tí mo ti ń wò láti ìgbà tí mo ti dé."

"Kí ni, Màmá?"

"Ọkọ mi yìí. Kì í bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn mọ́."

Ó ń sọ ti oṣù Kejì. Àárín ṣọ́ọ̀ṣì ni Tolú wà lọ́jọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, tó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń wo ẹ̀yìn, ìdí lókè, orí nílẹ̀. Gbogbo ìlà ìjókòó wa bú sẹ́rìn-ín: ó ń pe àbúrò. Ernest tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i tí mo fi mọ̀ pé àbúrò náà ti ń bọ̀ lóòótọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí kò ti ń ṣe é, ní ilé, lọ́jà, níwájú mọ́ṣáláṣí. Màmá sọ ọ́ tán ni mo tó ronú pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn.

Mo ní, "Ẹni tí à ń pè tó bá ti jẹ́ni, kí ló kù tí a tún ń pè é fún?"

"Ọmọ kì í dẹ́kun. Ó máa ń wo àbúrò rẹ̀ lọ́nà ni, títí wọ́n á fi fojú kan ara wọn." Ó bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan. "Moyin náà dẹ́kun nígbà yẹn. Mo wà níbí. Ó dẹ́kun, kò sì pẹ́ sí i..."

Kò parí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn ló ń wò bí ayé ṣe rí lódìkejì, pé bó bá ti wò ó tán, á fi í sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn tí mo fi ń kọ́ni ní kíláàsì ni mo fi sọ ọ́.

Màmá ní, "Ó dáa náà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Keje

Mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ rárá. Mo kàn ń wò ó ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mú ẹ̀wà kan nílẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn, ológbò Zuwera ló wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nítorí pé Moyin gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ dùbúlẹ̀ kó sunkún. Kò sí èyí tó wo ẹ̀yìn nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Keje

Tolú gun ibùsùn láàárọ̀ pẹ̀lú ife ẹ̀kọ gbígbóná tí Màmá ti fẹ́ tutù fún un. Ó ká aṣọ mi sókè. Ó bu síbí kan, ó dà á sójú ìdodo mi, ó dúró, ó ní, "Sha." Mu ún. Ẹ̀kọ náà ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó bínú, ó fi ìka tì í wọlé. Ó tún bu òmíràn. Ìgbà kẹta ni ọmọ inú tapa tí ikùn mi mì. Tolú ju síbí nù, ó fò sílẹ̀, ó sá lọ bá Màmá, ó ń ké, "Ya ci! Ya ci!" Ó ti jẹun. Ó lọ bá gbogbo ilé sọ ọ́, ó gba ojú fèrèsé sọ fún àwọn ọmọ Zuwera.

Ìyẹn ni mo yẹ kí n fi ọjọ́ òní sùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Màmá nu ẹ̀kọ kúrò lára mi, mo pè é padà, mo fi bisikíìtì hàn án, mo ní, "Tolú, bẹ̀rẹ̀, wo ẹ̀yìn." Ó jẹ bisikíìtì. Mo fún un ní èkejì. Ó jẹ ẹ́. Ọmọ náà jẹ àpò kan tán ní ìnàró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹjọ

Ibùsùn mi sún mọ́ fèrèsé, mo sì máa ń rí àgbàlá. Lọ́sàn-án yìí, mo rí Màmá, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó ká ìró rẹ̀ sókè níwájú Tolú, tó bẹ̀rẹ̀, tó ń gbìyànjú láti ki orí bọ àárín ẹsẹ̀. Ó débì kan, ìbàdí rẹ̀ há. Kò lè lọ sílẹ̀, kò lè nà ró. Tolú ń yí i ká, ó ń wò ó láti gbogbo ọ̀nà. Zuwera ló gbọ́ bó ṣe ń kérora tó fò wọlé, tó gbá a mú lẹ́yìn. "Kai, Mama, me kike yi?" Kí lẹ ń ṣe? Màmá ní owó òun ló bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó wọlé, ó sọ fún èmi náà pé owó òun ló bọ́. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ẹ rí i?" Ó ní òun kò rí i. Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Mi ò mọ̀ pé òun náà kì í sùn.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Ernest lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ, Àǹtí sáyẹ́ǹsì?" Mo ní mo kàn ń sọ ọ́ ni. Ó ní kí n má dá Màmá lóhùn, pé bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn. A sọ̀rọ̀ nípa ilé, nípa gáàsì tó wọ́n tí Màmá fi padà sí èédú, nípa ọkọ Zuwera tó máa ń ti Afaka dé kí oòrùn tó wọ̀ nítorí ohun tí wọ́n ń gbọ́ lápá ibẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pa fóònù.

Ó ní, "Bó bá bẹ̀rẹ̀, pè mí."

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kẹjọ

A ti wọ oṣù keje. Láti àárọ̀, ọmọ kò mira. Mo sùn sí òsì, mo sùn sí ọ̀tún. Mo fi ìka kan ikùn bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn onílé. Màmá ra máàtì tútù, mo mu ún, mo ka Sáàmù, mo tún kà á. Tolú wá, ó gbé etí lé ikùn, ó ní, "Barci." Ó ń sùn. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ló tó tapa, ẹyọ kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́. Mo sunkún débi pé Moyin fún mi ní ìsinmi ráńpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Kẹjọ, ilé ìwòsàn

Ọmọbìnrin ni. Ó wà láàyè. Jẹ́ kí n kọ ìyẹn ná kí n tó kọ èyí tó kù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá lọ lọ ata ní Kawo. Ó ku èmi àti àwọn ọmọ. Láti ìgbà tí mo ti jí, ọmọ kò tún mira, máàtì tútù kò sì ṣe nǹkan kan. Tolú dúró láàárín yàrá, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Tolú, wo ẹ̀yìn ẹ." Ó wò mí.

Moyin ní, "Mọ́mì, ó ti gbàgbé ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki orí bọ ẹsẹ̀, ó ní, "Tolú, báyìí." Tolú rẹ́rìn-ín. Ó tún wò mí, bíi pé èmi ló kù.

Mo mọ ohun tí dókítà sọ, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ẹ̀rù ló gbé mi dìde. Mo fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Moyin, mo di ikùn mú, mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ki orí wọlé débi tí ikùn gbà mí. Mo rí kálẹ́ńdà ìjọ tó dorí kodò lára ògiri. Tolú pàtẹ́wọ́ fún wa. Ó jókòó sílẹ̀ kó lè rí wa dáadáa, ó ń pàtẹ́wọ́. Kò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, Moyin náà ń rín, inú ẹ̀rín yẹn ni mo wà tí nǹkan gbígbóná fi ṣàn gba itan mi lọ sílẹ̀.

Tolú tọ́ka sí i. Ó ní, "Ruwa." Ì bá jẹ́ pé omi ni.

Moyin ló sáré lọ pe Zuwera. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni Zuwera wọ̀ dé. Ó fi Tolú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró nínú òjò, ó gbé orí mi lé itan, ó ń sọ ohun kan ṣoṣo títí a fi dé ilé ìwòsàn: "Allah ya sauke ki lafiya, Maman Moyin. Allah ya sauke ki lafiya." Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Moyin di aṣọ rẹ̀ mú, kò gbà kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Dókítà ní, "Kí lẹ ṣe, Madam? Ṣé ẹ gbé nǹkan ni?"

Mo ní, "Mo kàn dìde díẹ̀ ni, sà."

Moyin ní, "Rárá o. Báyìí ló ṣe." Ó bọ́ síwájú gbogbo wọn, ó ká aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀, ó ń wo dókítà láti ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Dókítà, ọmọ Ìlọrin, mọ ohun tó jẹ́. Ó wo Moyin, ó wò mí. Ó ní kí wọ́n máa tì mí lọ. Lójú ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi tó ní bí ibi ọmọ kò bá ṣeé ṣí kúrò, òun lè ní láti yọ ilé ọmọ. Mo ní kí ó yọ ọ́. Mo ní kí ó ṣáà jẹ́ kí ẹnì kan ké.

Mi ò gbọ́ igbe náà. Wọ́n ní ó ké bí ológbò.

Gbogbo ènìyàn ló sọ fún Ernest pé kó dúró di ọjọ́ kejì, kó má rin ọ̀nà yẹn ní ìrọ̀lẹ́. Ó wọkọ̀. Nígbà tí mo lajú, bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ àga, ẹrẹ̀ bò ó. Ó ní, "Ó wà láàyè. Ìwọ náà wà láàyè." Lẹ́yìn náà ó ní, "Morọ́láyọ̀, wọ́n yọ ilé ọmọ o." Mo ní mo mọ̀. Mo sọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi dà fún un, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, bí Tolú ṣe pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹkún ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ yẹn nìkan, pé ibi ọmọ náà ti ń ya tẹ́lẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àánú mi ló ṣe é, mi ò lè sọ.

A fẹnu kò pé a kò ní tíì sọ ti ilé ọmọ fún Màmá. Ẹni tó bí mẹ́jọ ni, ó sì máa ń gbàdúrà pé kí ilé wa kún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹjọ

Ó pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Ẹ̀gbẹ́ àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni a ti sọ ọ́ lórúkọ, nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí a mú oyin tàbí iyọ̀ wọlé. Ìbíyínká. Apá rẹ̀ kò tó ìka mi. Mo ń bẹ̀rù àti sún mọ́ ọn, mo sì ń bẹ̀rù àti kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹjọ

Ernest fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ sílé. Moyin pè mí. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n gbé e sínú gíláàsì oní-mítìpáì?" Mo ní kó lè móoru ni. Ó ní, "Ṣé ó ti jinná?" Mo ní ó kù díẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó tì í o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á."

Mo sọ fún un pé mi ò ní dìde. Mi ò sì dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹsàn-án

Ó gbàgbé láti mí láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó rántí. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kẹsàn-án

Ó ń mu ọmú fúnra rẹ̀. Ó ń mu ún bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Búrẹ́dì ńlá tí Zuwera rà wá fún mi, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹwàá

A délé. Tolú wo Ìbíyínká láti ọ̀ọ́kán, kò gbà kó jẹ́ pé òun ló wà nínú ikùn. Ó ká aṣọ mi sókè láti wò ó bóyá ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀. Ó rí àpá, ó fi aṣọ bò ó padà jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó lọ mú síbí.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Kẹwàá

Àwọn ìyá ìjọ wá lẹ́yìn ìsìn. Mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo gbé Ìbíyínká lé e. Tolú dúró láàárín ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà, ó ń jẹ gúgúrú. Ó gbé gúgúrú sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn.

Pálọ̀ hó. Ìyá Rose ní, "Ẹ gbé e dìde o. Ìyá Moyin kò tíì sinmi, ó tún ti ń pe òmíràn." Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ti nawọ́ láti gbé e. Ernest wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó dùn mí ju ojú ọgbẹ́ lọ, mo sì mọ̀ pé mo máa sunkún níwájú wọn.

Màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn."

Mo gbójú sókè, ojú èmi àti òun ṣe mẹ́rin. Ó ti mọ̀. Mi ò mọ ìgbà tó mọ̀, mi ò sì mọ ẹni tó sọ fún un. Òun ló ń fọ gbogbo aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lára wọn, bóyá ìyẹn ti tó fún ẹni tó bí mẹ́jọ. Ó ti mọ̀, ó sì ti bá mi pa á mọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Tolú ṣì dorí kodò, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Láti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí ọmọ náà lórí ẹní. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ga ta." Òun nìyí.

Ó nà ró, ó gbé gúgúrú rẹ̀, ó lọ jókòó tì í.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹwàá

Òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀. Mo ṣì ń jí lẹ́ẹ̀mẹwàá láti fi ọwọ́ wo èémí Ìbíyínká, ẹ̀rù yẹn kò tíì fi mí sílẹ̀, Ernest sì ń lọ sí Àbújá lọ́la.

Tolú kò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Moyin ní ó tún ti gbàgbé, ó fẹ́ kọ́ ọ, mo ní kó fi í sílẹ̀. Kò gbàgbé. Ẹnì kan ló ń wá, ó sì ti rí i.